Káàdì Gidi Kì í Dákẹ́: Ìtàn Tábìlì Mẹ́ta

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ gbogbo wa pé sùúrù ni baba ìwà. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ìgbà ara là á búra, ẹnì kan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi sọ wà. Ẹni tí nǹkan gidi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà wo ló yẹ kó ní sùúrù, ìgbà wo ló yẹ kó dìde kó jà? Inú ìtàn ogun kọ́ ni mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú ìtàn òṣèlú. Inú ìtàn eré káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà ni.

Ẹ má tíì bínú sí mi. Èmi fúnra mi ò fi owó ta á rí, ìtàn rẹ̀ ni mò ń kà. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ fún yín pé kì í ṣe àwọn ọ̀mùtí nìkan ló ka eré yìí sí. John von Neumann, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tó gbọ́n jù lọ ní ọ̀rúndún tó kọjá, kọ nípa pókà nínú ìwé ńlá tí òun àti Oskar Morgenstern gbé jáde ní 1944 lórí eré àti ọrọ̀ ajé. Ohun tó fà á ni pé pókà jọ ayé. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta àti òpè jọ ń wo ọmọ ayò 48 kan náà ni. Kò sí èyí tó pamọ́, àfi ohun tí kálukú ń gbèrò lọ́kàn. Nínú pókà, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì pamọ́, ohun tó ń gbèrò náà sì tún pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí wọ́n ṣe ń ta á, kí ẹni tí kò rí i rí má baà sọnù lójú ọ̀nà. Èyí tí wọ́n ń ta jù lọ ni Texas Hold'em. Káàdì 52 ni. Wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 2 tí òun nìkan á máa wò. Wọ́n á fi owó lélẹ̀. Wọ́n á ṣí káàdì 3 sáàárín tábìlì, tí gbogbo èèyàn ń wò; owó tún délẹ̀. Wọ́n á ṣí ìkẹrin, owó. Wọ́n á ṣí ìkarùn-ún, owó. Nínú káàdì 7 yìí, 2 tìẹ àti 5 ti àárín, ẹni tó bá rí 5 tó lágbára jù lọ ló máa kó gbogbo owó. Nígbà tó bá kàn ẹ́, o lè dákẹ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì fi owó lélẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi lélẹ̀, o lè san iye tó fi lélẹ̀, o lè fi kún un, o sì lè ju káàdì rẹ nù, kí ohun tó o ti san tẹ́lẹ̀ máa lọ. Nítorí náà, ọ̀nà méjì péré ló wà láti borí: kí káàdì rẹ dáa jù, tàbí kí àwọn tó kù sá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ní ọgbọ́n tirẹ̀ lórí eléyìí. Ó ní, "Ẹgbẹ́ mi, bó o bá ti rí káàdì tó dáa, lúgọ ni o! Tó o bá pariwo, gbogbo wọn á sá. Dákẹ́ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan." Ó dún bí ọgbọ́n, àbí? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó.

Káàdì 2 tó dáa jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni Ace méjì. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ló máa ń bọ́ síni lọ́wọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dúró dè ọ́ títí dé òpin pẹ̀lú káàdì èyíkéyìí tó bá bá a, o máa borí rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Bó bá jẹ́ pé èèyàn 4 ló dúró, ó di 56. Bó bá jẹ́ èèyàn 9, ó di 31. Ace kan náà ni o! Ohun tó yí padà ni iye èèyàn tó o gbà láyè láti jókòó. Ẹni tó ní Ace méjì tó wá dákẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọ̀pọ̀ èèyàn wá síbi ọrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wo èyí. Ká ní ìwọ lo wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ti ní káàdì 4 tí àmì ara wọn bára mu, ó ń retí ìkarùn-ún kó tó lè kọjá rẹ. Lẹ́yìn káàdì 3 àárín, káàdì 47 ni kò tíì rí. 9 péré nínú wọn ló lè gbà á. Kí káàdì tó kàn jẹ́ ọ̀kan nínú 9 yẹn ò tó 1 nínú 5. Bí owó àárín bá jẹ́ 100, tó o sì fi 100 mìíràn lélẹ̀, òun gbọ́dọ̀ san 100 kó tó lè jẹ 200. Kí irú òwò bẹ́ẹ̀ tó lè pa owó, àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 1 nínú 3. Kò tó o. Bó bá san án láti fi rí káàdì kan yẹn, ó ra ọjà gbówó lórí. Ṣùgbọ́n bó o bá dákẹ́, ọ̀fẹ́ lo gbé e fún un.

Kí ló wá lè mú kí ìlúgọ jẹ́ ọgbọ́n nígbà mìíràn? Ohun kan ni: kó o mọ ìṣe ẹni tó wà níwájú rẹ débi pé ó dá ọ lójú pé yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó owó wá. Bí ẹyẹ bá ṣe fò là á sọ̀kò rẹ̀. Ẹyẹ tó o mọ ibi tó ń fò gbà nìyẹn. Èyí tó o ò mọ̀ ńkọ́? Tábìlì mẹ́ta ni mo fẹ́ fi dáhùn, gbogbo wọn ní Las Vegas, ní ìlú Amẹ́ríkà, níbi ìdíje àgbáyé tí Benny Binion dá sílẹ̀ ní 1970 nínú ilé tẹ́tẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Horseshoe.

Tábìlì kìíní, 1980. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni Doyle Brunson, ọmọ Texas tí wọ́n bí ní 1933, tó sì kú ní 2023. Kí Las Vegas tó mọ̀ ọ́n, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Amarillo Slim àti Sailor Roberts, ti rin Texas já láti tábìlì kan sí òmíràn, níbi tí ọlọ́pàá ti lè kó wọn lónìí, kí olè dá wọn lọ́nà lọ́la. Brunson gba ife ẹ̀yẹ ìdíje àgbáyé ní 1976, ó tún gbà á ní 1977, ọdún méjèèjì ló sì jẹ́ pé 10 àti 2 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ló kọ ìwé ńlá kan, Super/System, tó fi kọ́ ayé pé ẹni tó ń kọlù ni ọ̀gá nínú pókà, kì í ṣe ẹni tó ń sá sẹ́yìn.

Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́dún yẹn ni Stu Ungar, ọmọ New York, ẹni ọdún 26, tó rí bí ọmọ ilé-ìwé. Eré káàdì mìíràn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Hold'em ni. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, Ace àti 7 bọ́ sọ́wọ́ Brunson, 5 àti 4 bọ́ sọ́wọ́ Ungar. Wọ́n ṣí káàdì 3 àárín: Ace, 7, 2. Háà! Brunson ti ní Ace méjì àti 7 méjì. Ungar ò ní nǹkan kan, àfi ìrètí pé bí 3 bá jáde, Ace, 2, 3, 4, 5 á tò tẹ̀lé ara wọn. Nínú káàdì 47 tí kò rí, 3 mẹ́rin péré ló wà.

Brunson fi owó lélẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi èyí tó lè lé ọmọdé yẹn sá. Ungar san án. Káàdì kẹrin jáde: 3 ni. Ungar fi owó lélẹ̀, Brunson kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀, Ungar ní òun gbà. Káàdì ìkẹyìn ò ran Brunson lọ́wọ́, ọmọdé gba ife.

Mi ò sọ pé Brunson ò mọ pókà ta o, ẹnu mi ò gbà á. Káàdì tó pa á lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà bí 12 ló máa ń wá. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni irú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń bá ìwé lọ ì bá ju 5 àti 4 yẹn nù fún owó yòówù. Ungar ò ka ìwé kankan. Bí a ò bá mọ iye tí ẹnì kan lè san láti fi lé ìrètí kékeré bá, owó tó wúwo ni ká dá lé e. Bó bá sá, ó tán. Bó bá san án, kó san án dáadáa.

Tábìlì kejì, 1988. Èyí ni ọ̀rẹ́ mi ti họ́sítẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlúgọ ti borí. Johnny Chan, ọmọ Ṣáínà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, ti gba ife ní 1987. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ku òun àti Erik Seidel, ọ̀dọ́mọkùnrin láti New York. Jack àti 9 wà lọ́wọ́ Chan, Queen àti 7 wà lọ́wọ́ Seidel. Káàdì àárín: Queen, 10, 8. Chan ti ní 8, 9, 10, Jack, Queen, tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ. Kò pariwo. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò dá lójú títí Seidel fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Queen méjì tó ní. Chan gba ife lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó wo fíìmù Rounders ti 1998 á ti rí àwòrán ọjọ́ yẹn nínú rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mẹ́ta tó yí Chan ká. Àkọ́kọ́, èèyàn méjì péré ló kù nídìí tábìlì, kò sí ọ̀pọ̀ èèyàn tí yóò máa rí káàdì ọ̀fẹ́. Èkejì, kò sí káàdì tó lè ju tirẹ̀ lọ ní àkókò tí wọ́n ṣí àwọn 3 yẹn. Ẹ̀kẹta, tí èmi kà sí jù: Seidel kì í ṣe alágbára má mèrò. Ẹni tó ń ronú ni, ọjọ́ iwájú rẹ̀ sì fi hàn, torí wọ́n gbà á sínú àwọn àgbà onípókà tí wọ́n ń bu ọlá fún ní 2010. Ẹni tó ń ronú ni a lè dẹ pàkúté fún, nítorí a lè fi ọgbọ́n mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbà. Wèrè kì í gba ojú ọ̀nà.

Tábìlì kẹta, 2003. Íntánẹ́ẹ̀tì ti dé. Akáwó ọmọ Tennessee kan tó ń jẹ́ Chris Moneymaker (orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an ni, ẹ má rẹ́rìn-ín) jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọ ìdíje kékeré kan tí owó rẹ̀ ò tó $100, ó borí, wọ́n sì fi ìyẹn fún un ní àyè níbi ìdíje àgbáyé tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ $10,000. Èèyàn 839 ló wà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn túká tán, ó ku òun àti Sam Farha, ọmọ Lebanon, ògbóǹtarìgì tí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó máa ṣe.

Kí wọ́n tó dé òpin, Moneymaker halẹ̀ mọ́ Farha lẹ́ẹ̀kan. King àti 7 wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá ohunkóhun mu láàárín, ó sì kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀. Farha tó ní 9 méjì rò ó, ó rò ó, ó ju káàdì nù. Ẹ ṣàkíyèsí: ẹni tó ń rò ó ni a lè halẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ ìkẹyìn dé. Jack àti 10 fún Farha, 5 àti 4 fún Moneymaker. Káàdì àárín: Jack, 5, 4. Jack méjì ni Farha rí, kò mọ̀ pé 5 méjì àti 4 méjì wà lọ́dọ̀ akáwó. Farha fi owó lélẹ̀. Moneymaker ò san án kó dákẹ́ máa wò. Ojú ẹsẹ̀ ló fi kún un. Farha kó gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀, Moneymaker gbà á. Káàdì ìkẹyìn tún jẹ́ 5. Akáwó kó $2,500,000 lọ sílé.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn já. Gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ló fẹ́ di Moneymaker. Ní 2004, èèyàn 2,576 ló wọ ìdíje náà. Ní 2005, 5,619. Ní 2006, 8,773. Àwọn àgbà onípókà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń ka ojú èèyàn wá bá ara wọn láàárín àwọn tí kò ní ìṣe kan pàtó tí a lè kà. Ẹni yìí á san owó ńlá pẹ̀lú 9 àti 3. Ẹni yẹn á ju káàdì gidi nù láìnídìí. Bó o bá lúgọ dè é, ó lè má fi kọ́bọ̀ lélẹ̀, kó sì rí káàdì ọ̀fẹ́ tí yóò fi pa ọ́. Bó o bá halẹ̀ mọ́ ọn, kò ní sá, nítorí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba òun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ von Neumann ti wúlò. Nínú irú pókà kékeré tó fi ṣe ìṣirò, ó fi hàn pé káàdì tó lágbára jù àti èyí tó burú jù ni ó yẹ ká fi owó lé lórí, ká sì dákẹ́ pẹ̀lú àwọn ti àárín. Ìhàlẹ̀ pẹ̀lú káàdì burúkú ló ń jẹ́ kí wọ́n máa san owó fún káàdì gidi, torí wọn ò mọ èwo lèwo. Ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ẹni tó gbọ́n bíi tìẹ. Níwájú ẹni tí kò mọ̀ọ́ sá, ìhàlẹ̀ di owó tí a sọ sódò. Káàdì gidi wá di ohun tí a lè ta ní iye tó wù wá. Nítorí náà ìlànà rẹ̀ ò le: dín ìhàlẹ̀ kù, fi kún owó tó ò ń dá lé káàdì gidi.

Ẹ̀rọ pàápàá ti jẹ́rìí sí i pé owó ńlá kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2017, ní Pittsburgh, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Libratus, tí Tuomas Sandholm àti Noam Brown ṣe ní Carnegie Mellon, bá ògbóǹtarìgì 4 ta á fún ọjọ́ 20, ọwọ́ 120,000. Ó borí gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni bí ó ṣe máa ń fi owó tó pọ̀ ju èyí tó wà láàárín lọ fíìfíì lélẹ̀, láìtijú.

Ṣùgbọ́n n kò ní í parí ọ̀rọ̀ yìí síbi tí ẹnì kan á ti dìde, á gba ilé tẹ́tẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ungar. Ó tún gba ife ní 1981. Oògùn olóró gbé e lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó padà wá ní 1997, ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. $1,000,000 ni wọ́n fún un, ìdajì jẹ́ ti ẹni tó san owó ìwọlé fún un. Ní oṣù Bélú 1998, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Las Vegas. Ẹni ọdún 45 ni. Owó náà ti lọ sídìí oògùn àti tẹ́tẹ́ eré ìdárayá.

Ohun tó máa ń dùn mí nínú ìtàn rẹ̀ nìyí. Nídìí tábìlì, ekukáká la fi rí ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn kọlù bíi tirẹ̀. Tó bá dìde níbẹ̀ tán, ó tún ń fi agbára kan náà kọlù níbi tí kò ti ní káàdì kankan lọ́wọ́. A mọ irú rẹ̀ nínú ọgbà wa níbí. Ẹni tó fi owó ilé-ìwé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù rò pé òun láyà bíi Brunson. Kò rí bẹ́ẹ̀ o jàre. Níbẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ló di Ace mú. Òun ló ń retí 3.

Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ mi bá tún ní kí n lúgọ, mo ti mọ èsì tí màá fún un. Kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, kó o má parọ́ fún ara rẹ. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, dìde kó o lọ kàwé. Bó bá jẹ́ káàdì gidi, wo ẹni tó wà níwájú. Bó o bá mọ ọ̀nà tó ń gbà, o lè dẹ pàkúté. Bó ò bá mọ̀ ọ́n, má dákẹ́. Jẹ́ kó sanwó.